Ọjọ́ tí Trixie jáde: bí wọ́n ṣe kéde rẹ̀ ní Àgó-Ìwòyè

Ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ 9 oṣù Kẹjọ ọdún 2025, ni Debian 13 jáde. Ẹni tí kò mọ Debian lè ti máa lò ó láìmọ̀, torí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà ńlá tó gbé íntánẹ́ẹ̀tì dúró ló wà lórí rẹ̀, ara rẹ̀ náà sì ni Ubuntu tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa mọ̀ dáadáa ti yọ ní ọdún 2004. Iṣẹ́ tí Windows ń ṣe nínú kọ̀ǹpútà ni Debian ń ṣe: òun ló ń darí ẹ̀rọ látìgbà tí a bá ti tàn án títí a ó fi pa á. Ṣùgbọ́n ọ̀fẹ́ ni. Ẹnikẹ́ni ló lè ṣí inú rẹ̀ wò, kó tún un ṣe, kó sì dà á kọ fún ẹlòmíì. Ian Murdock ló dá a sílẹ̀ ní oṣù Kẹjọ ọdún 1993, orúkọ rẹ̀ àti ti Debra, olólùfẹ́ rẹ̀ nígbà náà, ló sì so pọ̀. Ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan ló ń gba orúkọ láti inú fíìmù Toy Story. Trixie ni orúkọ èyí.

Iléeṣẹ́ kankan kò ni Debian, nítorí náà kò sí ẹni tó máa san owó ìpolówó rẹ̀ fún rédíò tàbí tẹlifíṣọ̀n. Àwọn tó ń lò ó ló ń sọ fún ara wọn. Lọ́jọ́ tí ẹ̀dà tuntun bá jáde, wọ́n máa ń kóra jọ níhìn-ín lọ́hùn-ún káàkiri ayé, wọ́n á jẹ, wọ́n á mu, wọ́n á fi ohun tuntun han ẹni tó bá yà wọ́n. Irú ìkórajọ bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ sọ, èyí tó wáyé nínú ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Àgó-Ìwòyè. Mo wà níbẹ̀ fún apá tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Èyí tí mi ò sí níbẹ̀, mo bi àwọn tó ṣojú wọn.

Aago mẹ́fà àárọ̀

Òkè-Àgbò ní Ìjẹ̀bú-Igbó ni ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù náà ń gbé. Ẹ̀njiníà ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán ló ti kó laptop mẹ́ta, wáyà iná gígùn kan àti fláàṣì mẹ́jọ sínú báàgì. Debian tó wà nínú àwọn fláàṣì náà kì í ṣe èyí tó máa jáde lọ́jọ́ yẹn gan-an. Ẹ̀dà ìdánwò tó kẹ́yìn ni, èyí tí wọ́n ti gbé síta ṣáájú kí àwọn èèyàn lè bá wọn wá àṣìṣe rẹ̀. Òru ló fi fà á wálẹ̀ sórí ẹ̀rọ rẹ̀. Láti oṣù Kìíní ọdún 2025 tí àjọ NCC ti gbà pé kí àwọn iléeṣẹ́ tẹlifóònù fi tó ìdá àádọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún lé owó tí wọ́n ń gbà, kò sẹ́ni tó ń fi dátà ṣeré mọ́.

Èèyàn kan ra dátà, èèyàn mẹ́jọ máa jẹ nínú rẹ̀, kò sì sí òfin tí ẹnikẹ́ni rú. Ìwé àṣẹ tó bá Debian wá ló fàyè gbà á. Mo ka èyí sí ju gbogbo àwòrán mèremère tí wọ́n fi ń polówó lọ, torí mo mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní agbègbè yunifásítì: Windows tí wọ́n já kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ni wọ́n ń gbé sórí ẹ̀rọ fún ọmọ ọlọ́mọ, ẹni tó gbé e sí i kò mọ ohun tí ẹni tó já a fi há inú rẹ̀, ẹni tó ń lò ó kò tilẹ̀ mọ̀ pé wọ́n já a.

Aago mẹ́jọ

Lọ́jọ́ kan náà tí ilẹ̀kùn irin ṣọ́ọ̀bù ń lọ sókè ní Àgó-Ìwòyè, àwọn tó ń gbé Debian jáde ní ilẹ̀ Yúróòpù náà ní iṣẹ́ tiwọn. Nínú oṣù Kẹjọ, aago tiwa àti ti London dọ́gba, nítorí àwọn ará ibẹ̀ máa ń fi wákàtí kan kún tiwọn nígbà oòrùn. Èyí ló jẹ́ kí ó rọrùn láti máa bá wọn ka wákàtí.

Iṣẹ́ náà ní ọ̀nà tó máa ń gbà. Àwọn tó ń bójú tó ibi tí wọ́n kó gbogbo ètò sí ló máa ń kọ́kọ́ yí orúkọ padà: Bookworm, ẹ̀dà kejìlá tó ti wà nípò láti oṣù Kẹfà ọdún 2023, á sún sẹ́yìn, Trixie á bọ́ sípò rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n á wá ṣe àwọn fáìlì ńlá tí èèyàn ń kọ sórí fláàṣì. Àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni, tí àwọn kan nínú wọn máa ń pàdé ní Cambridge, á wá gbé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan sórí oríṣiríṣi ẹ̀rọ. Ó gbéra lórí èyí, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Kò gbéra lórí tọ̀hún, ẹ wò ó kí ló dé. Ìgbà tí ìyẹn bá parí ni ìkéde tó lè jáde. Torí náà, ẹni tó bá ń retí pé Debian á jáde ní aago báyìí-báyìí kàn ń yọ ara rẹ̀ lẹ́nu ni.

Aago mẹ́wàá

Wọ́n ti lẹ ìwé gàdàgbà kan mọ́ ara ògiri níta. Akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Ẹ̀njiníà ló ṣe é. Ohun tí ó kọ síbẹ̀ ni: “WINDOWS 10 Ń KÚ LỌ! DEBIAN 13 DÉ!”

Ìyá kan tó ní ibi tí wọ́n ti ń bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tẹ iṣẹ́ àṣekágbá wọn ló kọ́kọ́ yà. Kò tíì jókòó tó fi bẹ̀rẹ̀.

“Ẹ̀njiníà, kí ló ń kú lọ? Mi ò tíì san owó ẹ̀rọ tí mo gbà lọ́wọ́ rẹ tán o.”

“Ẹ káàárọ̀ mà. Ẹ má bínú, kò sí ohun tó ń kú. Á máa ṣiṣẹ́ bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Àmọ́ bí olè bá rí ihò tuntun lára rẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá, wọn ò ní bá yín dí i lọ́fẹ̀ẹ́ mọ́.”

Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí gan-an nìyẹn. Ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025 ni Microsoft dá fún òpin àtúnṣe ààbò ọ̀fẹ́ fún Windows 10, wọ́n sì fi àyè sílẹ̀ fún ẹni tó bá forúkọ sílẹ̀ kó tún rí i gbà fún ọdún kan sí i. Ìṣòro àwọn èèyàn wa wà níbòmíì. Windows 11 ní òun kò fẹ́ ẹ̀rọ Intel tí kò bá tó ìran kẹjọ, ó sì fẹ́ kí ẹ̀rọ ní ohun ààbò kan tí wọ́n ń pè ní TPM 2.0. HP EliteBook 840 G3 ni ti ìyá yìí, tòkúnbọ̀ láti Computer Village ní Ìkẹjà, ìran kẹfà. Bẹ́ẹ̀ ni irú rẹ̀ kún ìlú: EliteBook, Latitude, ThinkPad, àwọn ẹ̀rọ tí iléeṣẹ́ Òyìnbó ti lò tì, tí ara wọn ṣì le koko. Wọn ò ní bàjẹ́ nínú oṣù Kẹwàá, àmọ́ ẹni tó ṣe Windows ti kẹ̀yìn sí wọn.

Mi ò fẹ́ràn ìwé ara ògiri yẹn. Ìbẹ̀rù ló fi ń pe èèyàn wọlé, ẹni tí a bá fi ìbẹ̀rù mú wọlé, bó bá di ọ̀la tí ó rí i pé ẹ̀rọ òun ò kú, á ní òpùrọ́ ni wá. Ẹ̀njiníà náà rí i bẹ́ẹ̀. Ó mú bírò, ó fa ìlà sórí “Ń KÚ LỌ”, ó kọ ọjọ́ àti ohun tó máa dáwọ́ dúró sábẹ́ rẹ̀.

Ohun tí ìyá yẹn fẹ́ mọ̀ kò ju méjì lọ: ṣé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé òun á gbọ́rọ̀ sí i lẹ́nu, ṣé iṣẹ́ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bá fi Word ṣe á ṣí bó ṣe yẹ. Wọ́n dán méjèèjì wò pẹ̀lú ẹrù tirẹ̀. Ìtẹ̀wé gbà láìfi síídì kankan sí i. Wáyálẹ́ẹ̀sì náà gbéra fúnra rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ kọ́ ló rí láyé àtijọ́: kí ẹ̀dà kejìlá tó dé, ẹni tó bá gbé Debian sórí laptop sábà máa ń jà fitafita kó tó rí Wi-Fi lò, torí wọn kì í kó ètò tí iléeṣẹ́ tó ṣe ẹ̀rọ tì pa mọ́ fláàṣì ìfisílẹ̀. Ìbò tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Debian dì ní ọdún 2022 ló yí ìyẹn padà. Ní ti Word, LibreOffice 25.2 ṣí iṣẹ́ àṣekágbá kan tó gùn, gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ pé, ṣùgbọ́n ojú ewé tí wọ́n to orí ọ̀rọ̀ sí sún sísàlẹ̀ díẹ̀, táàbù kan sì ya kúrò lójú ìlà. Ẹ̀njiníà kò bò ó. Ó ní kí ìyá náà fi ẹ̀rọ kan sílẹ̀ lórí Windows fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, kí ó gbé èyí tí wọ́n fi ń lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì sórí Debian. Ìyá náà gbà.

Aago méjìlá ọ̀sán

Akẹ́kọ̀ọ́ tó ṣe ìwé ara ògiri ló gba ọ̀rọ̀ sísọ. Yunifásítì Ọlábísí Ọnàbánjọ ló ń lọ, èyí tó ti wà ní Àgó-Ìwòyè láti ọdún 1982 tí orúkọ rẹ̀ ṣì jẹ́ Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ògùn, ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ló sì ń kọ́. Ó ti múra sílẹ̀ gan-an. Ó ní ọkàn Linux tó wà nínú rẹ̀ jẹ́ 6.12. Ó ní GNOME 48 wà níbẹ̀, Plasma 6.3 wà níbẹ̀, Xfce 4.20 wà níbẹ̀. Ó sọ nípa àwọn ètò tuntun tó lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́rìnlá. Ó sọ pé fún ìgbà àkọ́kọ́, Debian máa ṣiṣẹ́ pátápátá lórí ẹ̀rọ RISC-V.

Àwa tó wà níbẹ̀ kò ju mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ, àwọn kan sì ti ń wo fóònù wọn.

Kì í ṣe pé ohun tó sọ kò ní láárí. RISC-V nìkan tó ọ̀rọ̀ odindi ọjọ́ kan: ìlànà tí ẹnikẹ́ni lè fi ṣe ọpọlọ kọ̀ǹpútà láìsan owó àṣẹ fún ẹnì kan, ìyẹn ni pé ohun tí Debian ń ṣe nínú ètò ni àwọn yẹn fẹ́ ṣe nínú irin. Ṣùgbọ́n kò tíì sí ẹyọ kan rẹ̀ nínú yàrá tí a jókòó sí. Ọmọ náà ń ka ohun tó dùn mọ́ àwọn tó ṣe é nínú, kò tíì bi àwa tó wà níwájú rẹ̀ pé kí ni a wá wá.

Bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà ló bá a tú u sílẹ̀. Ó nawọ́.

“Ọmọ mi, o ṣeun. Ṣé nǹkan yìí gbọ́ Yorùbá?”

Ọmọ náà ní púpọ̀ jù nínú ohun tó wà lójú rẹ̀ ṣì jẹ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì, sà. Ẹ̀njiníà ní, “Kò burú, fi kíbọ́ọ̀dù hàn wọ́n.” Ó ṣí Settings, ó tẹ Keyboard, ó tẹ àmì ìròpọ̀, ó wá Yoruba, ó fi í kún un. Gbogbo rẹ̀ kò tó ìṣẹ́jú kan. Kò fa dátà kankan, torí ó ti wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀, Ígbò àti Haúsá náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bàbá Tíṣà fa àga sún mọ́ ọn. Ó tẹ ẹ. Ó tẹ ọ. Ó tẹ ṣ. Ìka kan ṣoṣo ló fi ń tẹ̀ ẹ́, ó sì ń wo ojú ẹ̀rọ lẹ́yìn lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Ó wá sọ fún wa pé látìgbà tí òun ti ń bá ìjọ òun tẹ ìwé ètò ìsìn, bírò lòun fi ń to àmì sábẹ́ lẹ́tà lẹ́yìn tí ìwé bá ti jáde nínú ẹ̀rọ, ẹ̀dà kan lẹ́yìn èkejì.

Gbogbo ilé pariwo. Àwọn tó ń wo fóònù gbójú sókè, méjì nínú wọn dìde wá sẹ́yìn àga bàbá.

Kíbọ́ọ̀dù yẹn kì í ṣe tuntun. Ó ti wà nínú Linux fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìdí nìyẹn tí ọmọ náà kò fi kọ ọ́ mọ́ ohun tó fẹ́ sọ. Ó ti wo ìwé àwọn tó ṣe é, ó kọ ohun tó jẹ́ tuntun lójú tiwọn sílẹ̀. Lójú Bàbá Tíṣà, ọjọ́ yẹn gan-an ni wọ́n ṣe é.

Aago méjì

Gàrí Ìjẹ̀bú, omi tútù, ẹ̀pà. Ayẹyẹ kan ń lọ ní àdúgbò kejì, ìlù rẹ̀ ń mi gíláàsì fèrèsé. Ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà lọ sílẹ̀, ti Awùjalẹ̀ gba ẹnu gbogbo èèyàn: Ọba Síkírù Adétọ̀nà wàjà ní ọjọ́ 13 oṣù Keje, ọdún 1960 ni wọ́n sì ti gun orí oyè. Àwọn àgbà tó wà níbẹ̀ nìkan ló bá ìgbà tí Ìjẹ̀bú ní Awùjalẹ̀ mìíràn.

Aago mẹ́ta

Ibí yìí ni ọjọ́ náà ti yí padà.

Olùkọ́ kan wọlé, láti Àbígí, olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ogun Waterside. Láti agbègbè ọ̀sà lọ́hùn-ún ló ti gbéra, ó ti wọ ọkọ̀ ju ẹyọ kan lọ kó tó dé Àgó. Lára rẹ̀ lèèyàn ti lè mọ̀ pé kò wá ṣeré. Kọ̀ǹpútà kékeré kan, Acer Aspire One, ló gbé jáde nínú àpò rẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ tó ti ń kọ́ni ní mẹ́fà tí kò dọ́gba, Ẹ̀njiníà ló sì ti bá wọn gbé Debian sórí gbogbo wọn láti ọdún díẹ̀ sẹ́yìn.

“Ẹ̀gbọ́n, mo gbọ́ pé tuntun ti dé. Ẹ bá mi gbé e sórí èyí kí n tó padà, àwọn márùn-ún yòókù á tẹ̀ lé e.”

Ẹ̀njiníà tan ẹ̀rọ náà. Ó kọ lscpu, ó tẹ Enter. Lórí ìlà tó ń sọ irú iṣẹ́ tí ọpọlọ ẹ̀rọ lè ṣe, ohun kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀: 32-bit, irú ọpọlọ àtijọ́ tó ṣáájú 64-bit. Atom N270 ni.

Akẹ́kọ̀ọ́ náà ní kí àwọn ṣáà gbìyànjú ẹ̀. Wọ́n ti fláàṣì bọ̀ ọ́. Ojú ẹ̀rọ dúdú, ìlà méjì péré ló yọ: ó ní ọpọlọ x86-64 lòun ń fẹ́, i686 nìkan lòun rí. Ó dúró síbẹ̀, kò lọ síwájú, kò padà sẹ́yìn.

Debian 13 kò gba irú ẹ̀rọ yẹn mọ́. Irú rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní i386, ni Debian fi bẹ̀rẹ̀ ní 1993. Ṣùgbọ́n ní ẹ̀dà kẹtàlá yìí, kò sí fláàṣì ìfisílẹ̀ fún un, wọn kò sì ṣe ọkàn Linux fún un. Díẹ̀ tí wọ́n fi sílẹ̀ nínú rẹ̀ jẹ́ ti ẹni tó bá ní ètò àtijọ́ tó fẹ́ lò lórí ẹ̀rọ 64-bit.

Ìdí wà, kò sì yẹ ká fojú di í. Àwọn tó ń lò ó ti kéré, àwọn tó máa yọ̀ǹda ara wọn láti máa dán an wò tún kéré sí i. Ọ̀rọ̀ aago náà wà níbẹ̀. Kọ̀ǹpútà ń ka ìṣẹ́jú-àáyá láti ọjọ́ kìíní ọdún 1970. Ibi tó bá ti fi 32-bit kà á, iye tó lè gbà kò ju 2,147,483,647 lọ, iye náà á sì pé ní ọjọ́ 19 oṣù Kìíní ọdún 2038, nígbà tí aago mẹ́rin àárọ̀ bá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá àti ìṣẹ́jú-àáyá méje lọ́dọ̀ wa níbí. Lẹ́yìn rẹ̀, irú ètò bẹ́ẹ̀ á rò pé ọdún 1901 lòun wà. Debian 13 ti tún ti àwọn ẹ̀rọ tó kù ṣe, títí dé àwọn kékeré tó jẹ́ 32-bit bíi ti armhf. Wọ́n fi i386 sílẹ̀ bó ṣe wà, torí bí wọ́n bá yí i padà, àwọn ètò àtijọ́ tí wọ́n tìtorí wọn dá a sí kò ní ṣiṣẹ́ mọ́.

Olùkọ́ yẹn gbọ́ gbogbo rẹ̀. Kò bínú. Ó kàn ní, “Ẹ̀gbọ́n, bí ẹ bá ti kọ ọ́ sára ohun tí ẹ fi ránṣẹ́ sí wa, mi ò bá ti gbé òmíràn wá nínú wọn.”

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ Ẹ̀njiníà lára. Ó kọjú sí ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, ó ní kí ó kọ ọ́ mọ́ ìwé ara ògiri báyìí-báyìí. Ọmọ náà ò fẹ́.

“Ọ̀gá, bí a bá ń kọ ohun tí wọ́n yọ kúrò, ta ló máa wọlé?”

“Ẹni tó wá láti Àbígí ti wọlé. Kí lo fẹ́ sọ fún un?”

Mo wà lẹ́yìn Ẹ̀njiníà nínú ọ̀rọ̀ yìí, mi ò sì ní fi bò. Ẹni tó ń kéde ohun tuntun ní gbèsè ìròyìn méjì lọ́rùn: ohun tó wọlé àti ohun tó jáde. Ìkejì ló ń náni lówó ọkọ̀. Lọ́dọ̀ ẹni tó ń ra ẹ̀rọ tuntun lọ́dọọdún, ohun tó jáde kò kàn án. Lọ́dọ̀ wa níbí, tí ẹ̀rọ kan ń sin ọmọ ilé ẹ̀kọ́ fún ọdún mẹ́wàá, òun ló yẹ kó wà lókè ìwé. Àwọn tó ṣe Debian kò tilẹ̀ fi pa mọ́. Nínú ìkéde wọn gan-an ni wọ́n ti kọ ọ́ pé i386 ti kúrò, àti pé ètò tó lé ní 8,840 ni wọ́n yọ torí pé ìgbà ti kọjá lórí wọn. Àwa tó ń bá wọn ké e kiri la máa ń gé apá ibẹ̀ kúrò.

Wọ́n jọ rí ọ̀nà. Aspire One á dúró lórí ẹ̀dà kejìlá. Lọ́jọ́ yẹn, ẹ̀dà náà ṣì ní àtúnṣe ààbò títí oṣù Kẹfà ọdún 2026, àwọn tó ń bójú tó ẹ̀dà àtijọ́ á sì máa bá a lọ títí oṣù Kẹfà ọdún 2028. Ní ti àwọn márùn-ún tó wà ní Àbígí, kò sẹ́ni tó lè sọ, torí fláàṣì 32-bit kan náà ni Ẹ̀njiníà fi sí gbogbo wọn nígbà náà kí iṣẹ́ lè yá. Ó kọ lscpu sórí ìwé pélébé fún olùkọ́ náà, ó kọ ìlà tó máa wò sábẹ́ rẹ̀. Kí aago mẹ́rin tó lù, ó ti wà lójú ọ̀nà.

Aago márùn-ún

Wọ́n gbé ThinkPad kan láti ẹ̀dà kejìlá lọ sí ìkẹtàlá lójú gbogbo èèyàn. Apt ni wọ́n fi ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, ẹ̀dà 3.0 ló sì bá Trixie wá. Tẹ́lẹ̀, bí èèyàn bá ní kí apt ṣe iṣẹ́, orúkọ ètò á máa tò gbọọrọ bí èèrà, gbogbo rẹ̀ lọ́nà kan náà, èèyàn á sì tẹ Y láìkà á. Ẹ̀dà 3.0 tó wọlé náà pín wọn sí ọwọ̀ọ̀wọ́, ó tò wọ́n ní òpó òpó. Èyí tó fẹ́ fi kún un wà ní àwọ̀ ewé. Èyí tó fẹ́ yọ kúrò ló fi sí ìsàlẹ̀ pátápátá, pupa fòò, níbi tí ojú máa bà lé kí ọwọ́ tó kan Y.

Ẹ̀njiníà fi ìka lé apá pupa yẹn, ó wo ọmọ iṣẹ́ rẹ̀. Ọmọ náà rẹ́rìn-ín, ó lọ mú bírò.

Ó tún kìlọ̀ fún ìyá ìtẹ̀wé kí ó tó lọ: ní ẹ̀dà yìí, fódà /tmp ti kó wọ inú ràmù, ó sì lè gbà tó ìdajì rẹ̀. Ẹ̀rọ tí ràmù rẹ̀ kò ju 4 GB lọ kò yẹ ní ibi tí wọ́n á máa kó fáìlì ńlá sí /tmp. Lórí ẹ̀rọ tí wọ́n bá sì fi ẹ̀dà yìí sí láti ìbẹ̀rẹ̀, ohun tó bá pẹ́ ju ọjọ́ mẹ́wàá lọ níbẹ̀ á pa rẹ́ fúnra rẹ̀.

Aago méje

Iná lọ. Ínfátà gbé wa. Ọ̀pọ̀ èèyàn ti lọ, a ku márùn-ún.

Alẹ́

A ń dúró de ìkéde Debian. Nígbà tó dé, tó gbé déètì ọjọ́ 9 oṣù Kẹjọ, òun ló fi iye tó péye lé ohun tí ọmọ náà ti sọ lọ́sàn-án: ọdún méjì, oṣù kan àti ọgbọ̀n ọjọ́ ni wọ́n fi ṣe é. Ètò 69,830 ló wà nínú rẹ̀, 44,326 nínú wọn ni wọ́n tún ṣe. Bí a bá kó gbogbo rẹ̀ jọ, 403 GB ni. Ẹnikẹ́ni kò ní láti fa èyí wálẹ̀. Fáìlì ìfisílẹ̀ tó kéré jù kò tó 1 GB, èèyàn á sì máa fa èyí tó bá nílò nìkan. Ọdún márùn-ún ni wọ́n á fi máa tọ́jú rẹ̀. Àwọn laptop tó ti wà lórí ẹ̀dà ìdánwò kò gba àtúntò kankan. Ìwọ̀nba ètò tó yàtọ̀ ni apt fà, wọ́n sì di Debian 13 pọ́ńbélé.

Ọmọ iṣẹ́ ti dojú ìwé ara ògiri dé, ó ń kọ òmíràn sẹ́yìn rẹ̀. “Kíbọ́ọ̀dù Yorùbá” ló wà lókè. Lẹ́yìn rẹ̀ ni “Ó gba laptop tí Windows 11 kọ̀.” Ìlà kẹta fẹ̀ ju àwọn yòókù lọ, bírò pupa ló sì fi kọ ọ́: “Kò gba ẹ̀rọ 32-bit mọ́. Ẹ kọ́kọ́ wò ó kí ẹ tó gbé e wá. A ó fi bí ẹ ó ṣe wò ó hàn yín lórí fóònù.”

Àtẹ̀jíṣẹ́ láti Àbígí ti pẹ́ lójú ọ̀nà, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ibẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ dára. Nígbà tó wọlé, olùkọ́ náà ti ṣí yàrá kọ̀ǹpútà ilé ẹ̀kọ́, ó ti tan àwọn márùn-ún lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan jẹ́ 32-bit nìkan. Àwọn mẹ́rin kọ “32-bit, 64-bit”. Ẹ̀njiníà ka àtẹ̀jíṣẹ́ náà sókè fún wa, ó fún un lésì pé Ọjọ́bọ̀ lòun ń bọ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ fláàṣì méjì: Debian 13 fún àwọn mẹ́rin, Debian 12 fún èyí tó kù àti Aspire One.